Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ìtàn mọ́tò tó ń hó

1/
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ tí omi rédíétọ̀ jó bàbá mi lápá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí omi ṣe dé inú ẹ́ńjìnì, ìdí tó fi ń hó, àti ìdí táwọn mẹkáníìkì wa fi máa ń yọ ohun kan dànù tó jẹ́ pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó máa gùn díẹ̀ o. Ẹ wá nǹkan panu.

2/
Mọ́tò náà, Píjò 504 GL ni, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná. Tíṣà ni bàbá mi, àlòkù ni wọ́n rà á kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ náà, gosló dì wá mọ́ nítòsí Ògùnmákin. Abẹ́rẹ́ géèjì wọ inú pupa. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi páàkì, wọ́n mú àkísà, wọ́n ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi náà fò jáde bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wọ́n.

3/
Láti ìgbà yẹn, mọ́tò náà ò gbádùn mọ́. Mẹkáníìkì kan ní gáàskẹ́ẹ̀tì ni. Òmíràn ní pọ́ǹpù omi ni. Ẹ̀kẹta yọ nǹkan kan, ó ní "kò sí wàhálà mọ́." Wàhálà ṣì wà. Nígbà tó yá, bàbá mi gbé e sábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Mọ́níyà, wọn ò sì wakọ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á fáwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Mo ní kí wọ́n fún mi lóṣù mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ lọ kàwé. Ohun tí mo rí nìyí.

4/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iná ni ẹ́ńjìnì ń jẹ. Nínú gbogbo ooru tí bẹntiróòlù ń mú jáde nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́, díẹ̀ ló ń yí táyà, kò tó ìdá mẹ́ta. Ìyókù ń bá èéfín jáde, tàbí kó wọ ara irin. Tí ẹ ò bá wá ibi tí ooru ara irin yẹn máa gbà lọ, irin á wú, ọ́ìlì á jó, ẹ́ńjìnì á gan. Nítorí náà, látọjọ́ tí mọ́tò ti dáyé ni wọ́n ti ń jà pẹ̀lú ooru. Ogun yẹn ò tíì parí.

5/
Lọ́dún 1886, Karl Benz gba ìwé ẹ̀tọ́ sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnì rẹ̀ ní Jámánì. Báwo ló ṣe ń tù ú? Omi ló dà yí ẹ́ńjìnì ká, ó sì jẹ́ kó máa hó lọ. Bí omi bá ti ń di oruku, ooru ń bá a lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ lásán! Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi máa ń tán.

6/
Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ìyà yẹn lójú ọ̀nà gbọọrọ ni ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà láì sọ fún ọkọ, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, ó wà á láti Mannheim dé Pforzheim, ìrìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Níbikíbi tí wọ́n bá ti rí omi, wọ́n á dúró bu sí i. Tẹ́ ẹ bá rí awakọ̀ tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi sí búùtù lónìí, iṣẹ́ Mama Benz ló ń ṣe.

7/
Ojútùú gidi dé láàárín 1900 sí 1901. Wilhelm Maybach ṣe rédíétọ̀ kan fún mọ́tò Mercedes 35 PS tó rí bí afárá oyin: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí omi sì ń yí wọn ká. Ó fi fáànù sẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé omi ò ní láti hó tán mọ́. Á gbé ooru látinú ẹ́ńjìnì, á gbé e fún afẹ́fẹ́, á tún padà wá gbé òmíràn. Bí alágbàárù ọjà. Gbogbo rédíétọ̀ tẹ́ ẹ rí lónìí, ọmọ ọmọ ti Maybach ni.

8/
Ford Model T tó jáde ní 1908 gba ọ̀nà mìíràn. Yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́, kò ní pọ́ǹpù omi rárá. Omi gbígbóná máa ń gòkè fúnra rẹ̀, tútù máa ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi ìyẹn ṣe ìrìn omi. Ó rọrùn, kò wọ́n, àmọ́ tí omi bá fi lè dín kù díẹ̀ báyìí, ìrìn rẹ̀ dá nìyẹn, a sì máa hó. Àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

9/
Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé òtútù náà ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó ń mu epo bí ọ̀mùtí, ọ́ìlì rẹ̀ á máa di ẹrẹ̀, irin rẹ̀ á sì máa jẹra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe tamọ́sítáàtì: ilẹ̀kùn kékeré kan tó ń dí ọ̀nà rédíétọ̀ mọ́ omi títí ẹ́ńjìnì fi máa gbóná dáadáa. Ní àwọn ọdún 1930, Sergius Vernet ṣe èyí tí ìda wà nínú rẹ̀. Tí ìda bá yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn sílẹ̀. Kò nílò bátìrì, kò nílò wáyà. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, tamọ́sítáàtì. Òun ni wọ́n máa fẹ̀sùn kàn níwájú.

10/
Ẹ wá wo ìdérí rédíétọ̀, ọ̀rọ̀ bàbá mi nìyí. Omi lásán ń hó ní 100°C. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sé e mọ́, tí ipá ń tẹ̀ ẹ́, á pẹ́ kó tó hó. Ìdérí tó ń tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bíi psi 15 á jẹ́ kí omi dé nǹkan bíi 120°C kó tó hó. Ti mọ́tò àtijọ́ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí i lójijì, ipá lọ, ooru ò lọ. Omi tó ti kọjá 100 á di oruku lẹ́ẹ̀kan náà, á fò. Bàbá mi ò ṣe ohun aṣiwèrè. Ohun tí ìdérí yẹn dì mọ́ ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn.

11/
Kúláńtì ńkọ́? Lọ́dún 1927, Prestone gbé glycol jáde fún àwọn ará Amẹ́ríkà kí omi rédíétọ̀ má bàa di yìnyín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sọ pé, "Yìnyín ò sí nílùú wa, omi ẹ̀rọ ti tó." Òótọ́ ni pé yìnyín ò sí. Àmọ́ ìpata wà. Kúláńtì ń dènà ìpata, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Omi kànga lásán fún ogún ọdún, inú rédíétọ̀ á dà bí inú páìpù àtijọ́.

12/
Ẹ jẹ́ ká dé ilé wàyí. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn látìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ là fún mọ́tò ní Nàìjíríà, láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni, ní 1906. Ọ̀nà tó gba Mọ́níyà kọjá nìyẹn o, níbi tí 504 bàbá mi wà lábẹ́ máńgòrò. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, màá padà síbẹ̀.

13/
Lẹ́yìn náà ni àwọn lọ́rì onípákó dé, bọ́lẹ̀kájà. Wọ́n ń kó kòkó, wọ́n ń kó iṣu, wọ́n ń kó èèyàn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ nídìí lọ́rì wọ̀nyẹn ló di ọ̀gá mẹkáníìkì, wọ́n kọ́ ọmọ iṣẹ́ tiwọn náà. Ojú, etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìmọ̀ gidi ni. Àmọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó bá ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Tí nǹkan tuntun bá dé láìsí ìwé, láìsí ohun èlò, àfi kí wọ́n méfò.

14/
Ọdún 1975 ni ọdún ńlá. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Owó epo rọ̀bì wà nílùú. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó Udoji fáwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ọlọ́pọ́ọ̀nù ṣẹsẹ̀ rìn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye mọ́tò.

15/
Volkswagen náà ni gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sì ní omi rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì pọ̀. Tí iná pupa cháàjì bá tàn lójú ọ̀nà, awakọ̀ tó gbọ́n á dúró lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe tìtorí bátìrì. Ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já, tí bẹ́líìtì bá sì já, atẹ́gùn tán. Ẹni tó bá ní "màá kúkú délé" á fi ẹ́ńjìnì san án.

16/
504 ní tiẹ̀, 1968 ló jáde nílẹ̀ Faransé, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn mọ́tò tó dára jù ní Yúróòpù fún 1969. Ẹ̀rọ olómi ni. Orí ẹ́ńjìnì rẹ̀, alumíníọ̀mù ni. Tó bá gbóná jù, á tẹ̀, gáàskẹ́ẹ̀tì á jó. Fáànù rẹ̀ sì yàtọ̀: òòfà oníná ló ń dì í mú. Tí omi bá tutù, fáànù ò ní bá ẹ́ńjìnì yí. Tí omi bá gbóná, ojú iná kan lára rédíétọ̀ á gbé iná wọlé, òòfà á dì í mú, fáànù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń dín epo kù. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ojú iná kékeré yẹn, tó bá kú, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀.

17/
Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti kú? Lójú eré, ẹ ò ní mọ̀. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ti tó rédíétọ̀. Inú gosló ni àṣírí ti máa tú. Èkó ìgbà yẹn sì ti di ìlú gosló, débi pé ní àwọn ọdún 1970 ìjọba pàṣẹ pé kí mọ́tò tó ní nọ́ńbà kan jáde lónìí, kí èkejì jáde lọ́la. Àwọn tó lówó ra mọ́tò méjì, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwa náà kọ́!

18/
Ọdún 1986, SAP dé. Náírà tí kò tó ẹyọ kan sí dọ́là kan ní 1985 ti lé ní mẹ́ta kí 1986 tó parí, ó sì ń bá a lọ. Mọ́tò tuntun kúrò lọ́wọ́ tíṣà, ó kúrò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Tókùnbọ̀ gba ìlú. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la fún mọ́tò tí òyìnbó ti lò sú. Ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù náà di "Bẹ́ljíọ̀mù". Ẹ lọ sí Ládìpọ̀ l'Ékòó tàbí Géètì n'Ìbàdàn, ẹ béèrè ọjà tuntun. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba Bẹ́ljíọ̀mù, ó lágbára ju tuntun lọ."

19/
Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Tamọ́sítáàtì máa ń gan nígbà míì. Tó bá gan ní títì, omi ò ní dé rédíétọ̀, mọ́tò á hó. Ojútùú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ra tuntun. Tuntun ò sí, tàbí kó wọ́n ju owó oṣù lọ. Kí ni mẹkáníìkì máa ṣe? Á yọ ọ́ sọnù. Ọ̀nà ṣí, omi ń lọ, oníbàárà délé. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣà yẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: ohun tí wọ́n fi gba ẹ̀mí mọ́tò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan di òfin. Ọmọ iṣẹ́ tó rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń yọ ọ́ rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

20/
Àwọn kan máa ń fi mẹkáníìkì wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé wọn ò kàwé. Èmi ò sí níbẹ̀. Àìní ló kọ́ wọn, ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wọn. Àmọ́ òótọ́ ṣì wà níbẹ̀: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mọ́tò tó bá ń hó nítorí fáànù, tẹ́ ẹ bá yọ tamọ́sítáàtì rẹ̀, ó ṣì máa hó. Aláìṣẹ̀ lẹ kàn ṣẹ́jọ́ fún.

21/
Mo wá bàbá àgbàlagbà kan rí tó ti ń tún Píjò ṣe látìgbà tí mi ò tíì dáyé. Wọn ò kọ́kọ́ mú sípánà. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí: "Níbo ló ti máa ń hó? Nínú gosló ni, àbí lójú eré?" Mo ní gosló ni. Wọ́n mi orí. Tó bá jẹ́ lójú eré ni, wọ́n ní àwọn á máa fura sí rédíétọ̀ tó dí tàbí pọ́ǹpù. Nínú gosló? Fáànù. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọmọ mi. Àmọ́ béèrè ibi tí alárìnrìn-àjò ti ń bọ̀ ná."

22/
Ẹ́ńjìnì tutù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí ìdérí: omi ti lọ sílẹ̀, ó pupa bí omi amọ̀. Wọ́n fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: dúdú ni, kò funfun bí ògì. Ìyẹn ni pé omi ò tíì wọ inú ọ́ìlì. Wọ́n bu omi kún un, wọ́n tan ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ìdérí ṣíṣí kó tó gbóná, wọ́n wò ó bóyá omi ń yọ ìfófòó léraléra. Kò yọ. Gáàskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gba owó bàbá mi lé lórí lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣe nǹkan kan.

23/
Wọ́n dé e padà, wọ́n jẹ́ kó gbóná. Abẹ́rẹ́ ń gòkè. Fáànù kàn ń fì lẹ́lẹ́ ni, kò bá ẹ́ńjìnì yí. Wọ́n pa á. Wọ́n fa wáyà kan láti bátìrì lọ bá òòfà fáànù tààrà: ká! Ó dì mú. Òòfà wà láàyè. Ojú iná ara rédíétọ̀ ló ti kú, bóyá látọjọ́ Ògùnmákin. Nǹkan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ! Mo wo àpá bàbá mi lọ́kàn mi, mi ò lè sọ̀rọ̀.

24/
Wọ́n tú ilé tamọ́sítáàtì. Òfìfo. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Èmi náà ti yọ ọ́ rí. 1988. Kò sí lọ́jà." Ẹ ò rí i? Ìtàn tí mo kà nínú ìwé ló dúró níwájú mi, tó wọ ṣòkòtò ọlọ́ìlì.

25/
A gbé rédíétọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó o. Wọ́n ṣí orí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún àwọn páìpù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpata ń jáde bíi gààrí. A ra ojú iná, a ra tamọ́sítáàtì. Mo gbé tamọ́sítáàtì náà sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù nílé kí wọ́n tó dè é. Mọ́mì pariwo pé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn nìyẹn. Kí omi tó hó, ilẹ̀kùn kékeré yẹn ṣí díẹ̀díẹ̀. Mọ́mì dákẹ́. Wọ́n ní kí n tún un ṣe kí àwọn wò.

26/
Kí n tó parí, ẹ gbọ́ èyí torí Ọlọ́run. Tí abẹ́rẹ́ bá wọ pupa, ẹ pa ẹ́ńdíṣọ̀n, ẹ páàkì, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ dúró ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ MÁ ṢÍ ìdérí nígbà tó gbóná, àkísà ò lè gbà yín. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tó ń jó, orí rẹ̀ lè là. Tó bá ń hó nínú gosló, ẹ wo fáànù. Tó bá ń hó lójú eré, ẹ wo rédíétọ̀, pọ́ǹpù àti tamọ́sítáàtì. Tí ọ́ìlì bá dà bí ògì, ẹ má wà á mọ́.

27/
Oṣù mẹ́ta pé. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ní kí bàbá mi jẹ́ ká lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wọlé. A gba Mọ́níyà jáde sójú ọ̀nà 1906 yẹn. Wọn ò wo igbó, wọn ò wo ojú ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò. Ní Fìdítì, tírélà kan ti bàjẹ́, gosló dé. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo rí i tí ọwọ́ wọn lọ síbi àpá náà.

28/
Ká! Fáànù dì mú. Abẹ́rẹ́ dúró, ó sì rọra padà sẹ́yìn. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan títí a fi jáde nínú gosló. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Páàkì." Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Kí ló dé, sà?"

Wọ́n ní, "Sún lọ sọ́hùn-ún. Èmi ni mo máa wà á wọ Ọ̀yọ́."